Moon Safari: Ìtàn Àwo Orin Alálàá kan láti Versailles

Moon Safari ni orúkọ àwo orin tí àwọn ọkùnrin méjì láti ìlú Versailles, ní ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1998. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 lọ. Air ni ẹgbẹ́ olórin náà ń jẹ́. Nicolas Godin àti Jean-Benoît Dunckel ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí àwo yìí jáde, bí wọ́n bá ti dárúkọ orin ẹ̀rọ ilẹ̀ Faransé, orin ilé ijó ló máa ń wá sí ọkàn àwọn ọ̀dọ́: ìlù líle tí kì í dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lù mọ́jú. Moon Safari kò bá wọn gba ọ̀nà yẹn. Ó rọra ń lọ, ó rọra ń dún, ó ń mú ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ sí ibi tí oorun àti ojú lílà ti pàdé. Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ló sì fún un ní adùn yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí àwo náà wà, ìtàn bí àwọn ohun èlò wọ̀nyẹn ṣe dé ọwọ́ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Faransé ti ń fi iná mànàmáná dá orin. Ní ọdún 1928, Maurice Martenot, tó mọ iṣẹ́ wáyà rédíò tó sì tún mọ cello ta, fi ohun èlò tuntun kan han àwọn ènìyàn ní Paris. Ondes Martenot ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń lò ó á ki òrùka bọ ìka, á máa fa òrùka náà sọ́tùn-ún sósì lórí okùn kan, ohùn á sì máa yọ́ gòkè, á máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀, láìdá, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń hùn orin. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Georges Jenny ṣe ondioline, dùùrù kékeré kan tó ń fi iná sín àwọn ohun èlò mìíràn jẹ. Nígbà tó di ọdún 1948, Pierre Schaeffer, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, gba ariwo ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ sórí àwo, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó tún un tò, ó sì pè é ní orin.

Ọ̀nà tí Schaeffer là di ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀nà kejì wà tí kò ní ìwé lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì kan Air jù. Jean-Jacques Perrey fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ nítorí ondioline, ó gbé e dé New York, níbi tí òun àti Gershon Kingsley ti gbé The In Sound from Way Out! jáde ní ọdún 1966. Orin tó kún fún eré àti ẹ̀rín ni, ó ń dún bí ohun tí àwọn ará inú ayé mìíràn lè máa jó sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Jean-Michel Jarre gbé Oxygène jáde. Inú ilé tirẹ̀ ló ti gbà á sílẹ̀, ní yàrá ìdáná tó sọ di sítúdíò, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú orin náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló rà á káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1979, ó ṣeré ní gbàgede Place de la Concorde ní Paris níwájú èrò tí wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù kan. Godin àti Dunckel ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ Faransé tó dàgbà ní àkókò yẹn kò ní láti wá orin ẹ̀rọ kiri, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé e wá bá a nílé.

Àwọn méjì mìíràn tún wà tí a kò lè fi sílẹ̀ nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà kà wọ́n mọ́ àwọn olórin ẹ̀rọ. Serge Gainsbourg gbé Histoire de Melody Nelson jáde ní ọdún 1971, Jean-Claude Vannier ló sì bá a to àwọn violin àti akọrin inú rẹ̀. Àwo náà kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó ṣe tó yàtọ̀ ni pé gìtá béèsì ló wà níwájú, òun ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn ènìyàn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, violin sì ń kọjá lókèèrè. Èkejì ni François de Roubaix, tó ń kọ orin fún fíìmù. Ó kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jọ sílé ní Paris, ó ń dá nìkan lo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba ọ̀kan sílẹ̀ lé orí èkejì títí orin á fi pé. Ó kú ní ọdún 1975 nígbà tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ní Tenerife, ọmọ ọdún 36 péré. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn méjèèjì yìí, tó wá gbọ́ orin tó ṣí Moon Safari, kò ní pẹ́ mọ ìdílé tó ti wá.

Versailles, ibi tí Godin àti Dunckel ti pàdé, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Paris. Ààfin ọba Louis kẹrìnlá ló sọ ìlú náà di olókìkí. Ọdún 1682 ni ọba náà kó ìjọba rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìgboro rẹ̀ fẹ̀, ọgbà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìdílé tó rọ́wọ́ họrí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin ní àwọn ọdún 1980 kì í jìnnà: ilé ara wọn ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n á jọ ta gìtá. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Orange ti jáde, tí Godin, Dunckel àti Alex Gopher jọ wà nínú rẹ̀. Étienne de Crécy, tí òun náà wá di ìlú mọ̀ọ́ká, wà lára àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó dá ẹgbẹ́ Phoenix sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Ìlú tó dákẹ́ rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé orin ilẹ̀ Faransé dé òkè òkun.

Orange tú ká. Godin lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yíya ilé ní Versailles. Dunckel, tó ti kọ́ dùùrù ní ilé ẹ̀kọ́ orin láti kékeré, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ó sì di olùkọ́. Ọdún 1969 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún kan náà tí ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Wọ́n ti wà láyé nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Concorde bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 1976, tí ilé Pompidou tó fi gbogbo páìpù rẹ̀ síta ṣí ilẹ̀kùn ní Paris ní ọdún 1977. Àwọn àgbà ìgbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 2000 bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú kan tí gbogbo ènìyàn máa kó lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi dàgbà, ẹnikẹ́ni kò lọ sí òṣùpá mọ́. Ọdún 1972 ni ènìyàn ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Inú àárín ìlérí àti àìmúṣẹ yìí ni orin wọn ti wá. Òṣùpá tó wà nínú orúkọ àwo náà jẹ́ òṣùpá tí wọ́n ti ṣèlérí fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ owó náà kó ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Robert Moog ní Amẹ́ríkà gbé Minimoog jáde. Ṣáájú rẹ̀, synthesizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin, máa ń tóbi tó ògiri, wáyà á sì kún iwájú rẹ̀. Èyí ṣe é gbé lọ síbi eré. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tó di ọdún 1983, Yamaha gbé DX7 jáde láti Japan. Ẹ̀rọ yìí ń fi nọ́ńbà ṣírò ohùn rẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà, kì í yẹ̀, ó lè tẹ ohùn púpọ̀ pa pọ̀, gbogbo olórin sì fẹ́ ẹ. Àwọn tó ní ohun èlò àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n kúrò nílé. Fún ọdún díẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá nìkan lè rà tẹ́lẹ̀ di èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí rà lówó pọ́ọ́kú. Inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Godin àti Dunckel ti kó ohun èlò wọn jọ. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn rò pé ó ti di àpatì ni wọ́n fi dá ohùn tiwọn. Lónìí, ọwọ́ kò tún fi bẹ́ẹ̀ tó irú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn mọ́, díẹ̀ sì ni ti Moon Safari nínú ohun tó gbé owó wọn sókè. Ilé iṣẹ́ Moog fúnra rẹ̀ tún padà ṣe Minimoog ní ọdún 2016.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìjọba Faransé ti ṣe òfin ní ọdún 1994, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1996, pé ó kéré tán, 40 nínú 100 orin tí rédíò bá ń fi sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè Faransé. Òfin yìí ran àwọn akọrin púpọ̀ lọ́wọ́, pàápàá àwọn ọmọ rap. Ṣùgbọ́n orin ẹ̀rọ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó sì ní ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ojú àwọn tó ń ṣe é kò sí ní rédíò ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 1996, Étienne de Crécy gbé Super Discount jáde, òun àti Philippe Zdar sì gbé Pansoul jáde lábẹ́ orúkọ Motorbass. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1997, Homework, àwo ẹgbẹ́ Daft Punk, dé, ayé sì wá gbà pé Paris ní ohun tó fẹ́ sọ.

Air ti wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìró tiwọn yàtọ̀. Source, ẹ̀ka kan lára ilé iṣẹ́ Virgin, fi orin Modular Mix tí Godin ṣe sínú àwo àkójọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Source Lab ní ọdún 1995. Orúkọ orin náà wá láti inú ẹ̀kọ́ ilé yíya: Le Corbusier, àgbà ayàwòrán ilé, ti ṣe ìwọ̀n kan tó pè ní Modulor, tó fi gíga ènìyàn tó jẹ́ mítà 1.83 wọn ilẹ̀kùn, àga àti àjà ilé. Dunckel wá dara pọ̀ mọ́ ọ. Casanova 70 tẹ̀ lé e ní ọdún 1996, Le soleil est près de moi ní ọdún 1997, wọ́n sì kó àwọn orin kéékèèké wọ̀nyí jọ sínú Premiers Symptômes ní ọdún kan náà. Ilé iṣẹ́ Mo' Wax ní Lọ́ńdọ̀nù bá wọn gbé lára wọn jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń retí àwo wọn gan-an kí ó tó dé. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀, dúró fún ìfẹ́, ojú inú àti àlá ní èdè Faransé.

Ọdún 1997 ni wọ́n ṣe Moon Safari. Àwọn méjèèjì ló ta ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fúnra wọn. Minimoog wà níbẹ̀. Korg MS-20 tí wọ́n ṣe ní Japan ní ìparí àwọn ọdún 1970 wà níbẹ̀. Solina, dùùrù láti Holland tó ń sín ogunlọ́gọ̀ violin jẹ, wà níbẹ̀. Rhodes àti Wurlitzer náà kò gbẹ́yìn, dùùrù méjì tí òòlù kékeré ń lu irin nínú wọn, tí iná wá ń gbé ìró irin náà síta. Stéphane Briat, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alf, ló bá wọn pa gbogbo ìró náà pọ̀ ní Paris.

Ó yẹ kí a wo bí Minimoog ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú adùn àwo yìí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ń bí ohùn. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dà pọ̀, wọ́n á sì gba inú asẹ́ kan kọjá, èyí tó máa ń sẹ́ ìró tó ga tó sì mú kúrò. Bí ọwọ́ bá ń yí bọ́tìnnì asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ohùn tó ń ta létí á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á di ohun tó yíká, tó kún. Bí ó bá yí i padà, ohùn á máa là bọ̀ bí ojúmọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní láti kọrin pẹ̀lú ìka rẹ̀, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn. Bí iná bá sì ti mú un gbóná, àwọn ẹ̀yà mẹ́ta náà kì í bára mu délẹ̀. Ọ̀kan á yẹ̀ díẹ̀ sókè, òmíràn á yẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀, ìró wọn á sì máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ síra wọn. Àwọn tó ṣe DX7 ka èyí sí àléébù, wọ́n sì mú un kúrò. Air mọ̀ pé ẹ̀mí orin náà ni.

La femme d'argent ló ṣí àwo náà, ó sì lé ní ìṣẹ́jú méje. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Gìtá béèsì Godin ló kọ́kọ́ mú ọ̀nà, ó ń rìn gbẹ̀dẹ́gbẹ̀dẹ́, ó ń padà sí ibì kan náà. Wọ́n sì yá díẹ̀ lára ìró orin Runnin' ti Edwin Starr mọ́ ọn. Dùùrù oníná wọlé, ó ń dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Moog gòkè, Solina tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń yà ènìyàn lẹ́nu ni sùúrù àwọn olórin náà. Olórin mìíràn ì bá ti fa gbogbo ohun tó ní yọ láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́. Àwọn yìí jẹ́ kí ohun kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí orin náà sì fi dé òpin, ìlù rẹ̀ ti yá ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ fura.

Sexy Boy ló tẹ̀ lé e, orin tó sọ wọ́n di olókìkí. Ìró béèsì inú rẹ̀ hán, ó ń kùn bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Ohùn àwọn méjèèjì sì tinrín lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé obìnrin ló ń kọ ọ́. Orin ọkùnrin tó ń ro ẹwà ọkùnrin ni, èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olórin ìgbà náà. Kelly Watch the Stars ń tọ́ka sí Kelly, ọ̀kan lára àwọn obìnrin inú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Charlie's Angels, tí ilẹ̀ Faransé náà wò títí nígbà èwe àwọn méjèèjì. Vocoder ni wọ́n fi kọ ọ́. Homer Dudley ló ṣe ẹ̀rọ yìí ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, kí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù má baà gba àyè púpọ̀ lórí wáyà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lò ó láti fi bo ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìjọba mọ́lẹ̀ fún ọ̀tá. Ó máa ń pín ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ìpele ìpele, á wá máa fi agbára ìpele kọ̀ọ̀kan ṣí ohùn dùùrù, á sì máa fi tì í. Ẹnu ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, ohùn dùùrù ló ń jáde. Ẹ̀rọ ogun di ẹ̀rọ ìfẹ́ lọ́wọ́ Air, wọ́n sì tún lò ó nínú Remember, tí ìlù rẹ̀ wá láti inú Do It Again tí Beach Boys ṣe ní ọdún 1968.

Orin méjì, All I Need àti You Make It Easy, ló ní ohùn obìnrin tí ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn. Beth Hirsch, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Paris nígbà náà, ló kọ wọ́n. All I Need ti wà tẹ́lẹ̀ láìní ọ̀rọ̀, pẹ̀lú orúkọ Les professionnels. Hirsch ló wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ó ṣe pàtàkì pé wọ́n fi í síbẹ̀. Bí gbogbo àwo náà bá jẹ́ ohùn tí a ti sọ di ìró dùùrù, ó lè sú ènìyàn kí ó tó dé àárín. Nígbà tí ohùn obìnrin yìí bá wọlé, tí gìtá lásán sì wà lábẹ́ rẹ̀, ara á tù. Fún àwọn violin, Solina nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn: wọ́n lọ bá David Whitaker, àgbà olórin Gẹ̀ẹ́sì kan, ó to orin fún violin gidi, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Whitaker yìí kan náà ló to violin fún The Last Time ti Andrew Oldham Orchestra ní àwọn ọdún 1960, èyí tí ẹgbẹ́ The Verve ti yá lò ní ọdún 1997. Ìdí nìyẹn tí Talisman, orin inú àwo náà tí kò ní ọ̀rọ̀, fi ń dún bí orin fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà.

Ojú tí wọ́n fi wo orin náà wá láti ọwọ́ Mike Mills, ọmọ Amẹ́ríkà tó ya ẹ̀yìn àwo, tó sì ya fídíò mẹ́ta fún un. Nínú ti Sexy Boy, ọ̀bọ ìṣeré ọmọdé kan di gàgàrà ní ìlú New York, ó sì kọrí sí òṣùpá. Ti Kelly Watch the Stars jẹ́ ìdíje tẹníìsì orí tábìlì. Ti All I Need ló dákẹ́ jù, ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń sọ nípa ìfẹ́ wọn, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwo náà dé ipò kẹfà níbẹ̀. Sexy Boy dé ipò 13, Kelly Watch the Stars dé ipò 18, All I Need sì dé ipò 29. Ó ti tà ju 300,000 lọ ní ilẹ̀ náà nìkan. Ní ilé, kò gòkè tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ayọ̀ ni 1998 jẹ́ fún ilẹ̀ Faransé tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé bọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì kò ní ẹgbẹ́ tó lè bá wọn ṣeré, àwọn ọmọ Phoenix, ará ìlú wọn, ló sì bá wọn ta ohun èlò nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ pè wọ́n.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí àwo náà lẹ́yìn ìyẹn tó dunni. Ilé ọtí, ilé ìtura àti àwọn tó ń polówó ọjà rí i pé kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ìró ẹ̀yìn ilé. Àwo orin bí ẹgbàágbèje sín in jẹ láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mú ìrọ̀rùn rẹ̀, wọ́n fi sùúrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó máa dún nígbà tó ń jẹun kò tíì gbọ́ ọ. Ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ ohun tí kò dé mọ́, etí tó bá fara balẹ̀ ló máa bá a pàdé.

Sofia Coppola wà lára àwọn tó fara balẹ̀. Ó ní kí Air kọ orin fún fíìmù rẹ̀, The Virgin Suicides, tó jáde ní ọdún 1999. Àwo orin rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 2000. Òkùnkùn tó farapamọ́ sínú Moon Safari yọ síta gbangba níbẹ̀. Thomas Mars ti Phoenix ló kọ Playground Love inú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ Gordon Tracks. Nígbà tí 10 000 Hz Legend dé ní ọdún 2001, ìró rẹ̀ ti le, ó sì já àwọn tó ń retí òṣùpá mìíràn kulẹ̀.

Ní ọdún 2000 ni Air àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ilé iṣẹ́ Record Makers sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti kan ọmọ Èkó kan. Sébastien Tellier ni akọrin àkọ́kọ́ tó lókìkí níbẹ̀. Nínú àwo rẹ̀ Politics, tó jáde ní ọdún 2004, orin kan wà tó ń jẹ́ La ritournelle, tó lé ní ìṣẹ́jú méje bíi La femme d'argent. Dùùrù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń yí po lójú kan. Lẹ́yìn náà, ìlù wọlé. Tony Allen ló ń lù ú. Èkó ni wọ́n ti bí Allen ní ọdún 1940, òun ni onílù Fela Kuti láti ìgbà Koola Lobitos títí dé Africa 70, láìsí ọwọ́ rẹ̀ kò sì sí afrobeat. Ó ti ń gbé ní agbègbè Paris láti àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Nínú La ritournelle, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí ìlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ ohun mìíràn sí ti ọwọ́, orin tí dùùrù ì bá máa yí po lójú kan sì ń rìn síwájú. Ní ọdún 2006, Air kọ orin fún 5:55, àwo Charlotte Gainsbourg, ọmọ Serge Gainsbourg. Jarvis Cocker àti Neil Hannon bá wọn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Nigel Godrich sì ṣe kòkáárí rẹ̀. Tony Allen tún wà lára àwọn tó lu ìlù níbẹ̀. Ìdílé Melody Nelson, àwọn ọmọ Versailles àti onílù Èkó jókòó sí sítúdíò kan náà.

Òṣùpá kò fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fíìmù Le voyage dans la lune (Ìrìn Àjò sí Òṣùpá) tí Georges Méliès ṣe ní ọdún 1902 ṣe, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí, Air ni wọ́n ní kó kọ orin sí i. Wọ́n fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ọdún 2011, àwo orin rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ní ọdún 2024, Godin àti Dunckel gbé Moon Safari káàkiri ayé, àwọn méjèèjì àti onílù kan ṣoṣo, wọ́n ń ta orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí wọ́n ṣe tò ó lórí àwo, nínú àpótí funfun gbọọrọ kan tí wọ́n kọ́ sórí pèpéle. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún náà, níbi àṣekágbá eré Olympic ní Stade de France, Phoenix pè wọ́n jáde, Thomas Mars sì bá wọn kọ Playground Love níwájú gbogbo ayé.